Owó Orí àti Ẹnu Ìlú

A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òwe yìí ni ó wà ní ìdí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìjà tí àwọn ọmọ Yorùbá bá ìjọba òyìnbó jà láti nǹkan bí ọdún 1908 títí di ọdún 1949, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni a máa ń gbọ́ pé wọ́n jà lé lórí. Ìjọba a ka orí ènìyàn, a bu iye owó lé orí kọ̀ọ̀kan, a sì rán agbowó-orí jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi olórí léèrè kí wọ́n tó gbé abẹ lé e. Bí ìjà náà ṣe ń pẹ́ sí i ni ìbéèrè àwọn ènìyàn ń yí padà. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ń béèrè ìdí tí owó náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń béèrè ẹni tí ó bù ú àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ní ìgbẹ̀yìn, ìbéèrè tí ó kù kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó fún òyìnbó láṣẹ láti jọba lé wọn lórí? Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dé orí ìbéèrè kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ owó orí di ọ̀rọ̀ òmìnira.

Ẹni tí ó bá dúró ní Ìgándò, ìlú àwọn Àwórì tí ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ pẹ̀lú Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá, àárín ibi méjèèjì tí ìjà yìí ti gbóná jù lọ ni ó dúró sí. Èkó wà ní iwájú rẹ̀ ní ìhà ọ̀sà. Abẹ́òkúta wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ọ̀tà lọ sókè. Ní ayé àwọn òyìnbó, ilẹ̀ oko ni àgbègbè náà, kò tíì di àdúgbò tí ilé so mọ́ ilé bí ó ti rí lónìí. Irú àwọn ìletò bẹ́ẹ̀ ni ó ń bọ́ Èkó. Gaàrí, ata, ẹ̀fọ́ àti igi ìdáná ń ti oko wá sí ọjà lórí àwọn obìnrin. Orí tí ó ru ẹrù náà gan-an ni ìjọba wá fẹ́ kà. Ìdí nìyí tí ìtàn owó orí fi jẹ́ ti ará oko bí ó ti jẹ́ ti ará ìlú, tí ó sì jẹ́ ti obìnrin bí ó ti jẹ́ ti ọkùnrin.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ ohun tí ń jẹ́ sísan owó fún ìlú kí òyìnbó tó dé. Ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ a máa san ìṣákọ́lẹ̀. Oníṣòwò tí ó bá gba ẹnubodè kọjá a san owó ibodè fún oníbodè. Bí ọdún bá dé, ará ìlú a mú nínú irè oko rẹ̀ lọ sí ààfin. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a sì jáde fún iṣẹ́ ìlú, wọn a yẹ ọ̀nà, wọn a mọ odi. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni a fi ń gba tọwọ́ rẹ̀: ilẹ̀ tí ó ro, ẹrù tí ó rù, irè tí ó kó. Kò sí ẹni tí ó sanwó nítorí pé ó ní orí lọ́rùn. Lójú Yorùbá, orí kì í ṣe ohun tí a ń kà bí ẹran inú agbo. Orí ni ẹlẹ́dàá ẹni. A ń bọ ọ́, a ń kí i, a ń bẹ̀ ẹ́. Owó tí a dá lé orí nìkan, yálà olórí rí jẹ tàbí kò rí jẹ, dà bí owó ìràpadà. Bí ẹrú ṣe ń ra ara rẹ̀ padà ni ó dà bí ẹni pé ọmọ bíbí inú ilẹ̀ ń ra orí ara rẹ̀ lọ́dọọdún.

Ní Èkó, omi ni ó kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún 1908, ìjọba gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó láti Ìjù, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, kí àwọn ará ìlú sì máa san owó omi. Àwọn ará Èkó ní àwọn ní kànga. Wọ́n ní òyìnbó ni ó ń fẹ́ omi ẹ̀rọ, kí òyìnbó sanwó rẹ̀. Wọ́n ti ìsọ̀, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní ọdún náà láti bá ìjọba fà á. Nígbà tí ó di ọdún 1916, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà ti rọ̀, wọ́n gbà kí a san án. Ni ọ̀pọ̀ ará ìlú bá kẹ̀yìn sí wọn, wọ́n tẹ̀lé Herbert Macaulay tí kò gbà. Elékòó Èṣùgbàyí, ọba Èkó, kọ̀ láti bá ìjọba yí àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́kàn padà. Láti ìgbà náà ni ìjọba ti ń fojú ọ̀tá wò ó.

Kékeré ni a ti ń pa ẹka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ omi fà dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ní ọdún 1920, Macaulay mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó lọ sí London nínú ẹjọ́ ilẹ̀ tí Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, pè. Olúwa sì jàre ní ọdún 1921. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ fà dé orí ọ̀rọ̀ ọba. Ìjọba kọ̀ láti ka Èṣùgbàyí sí ọba mọ́, wọ́n yọ ọ́ ní ọdún 1925, wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò dákẹ́. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba ní London. Ní ọdún 1931, àwọn adájọ́ náà là á kalẹ̀ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lè fi ọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ènìyàn àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé ẹjọ́ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Èṣùgbàyí padà wọ Èkó ní ọdún náà. Ohun tí àwọn ará Èkó rí kọ́ nínú ẹjọ́ yìí ju ọ̀rọ̀ ọba kan lọ: wọ́n rí i pé ìjọba náà ní ẹni tí ó lè bi í léèrè.

Láàárín ìjà yìí ni a ti bí ẹgbẹ́ òṣèlú. Òfin ọdún 1922 fún Èkó ní àyè mẹ́ta, ó fún Kàlàbá ní ẹyọ kan, láti dìbò yan ènìyàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ní ọdún 1923, Macaulay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀, wọ́n sì gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó bá ń rí £100 lọ́dún nìkan ni ó lè dìbò. Obìnrin kò lè dìbò rárá, ìbáà jẹ́ pé owó rẹ̀ kún inú àpótí. Nípa bẹ́ẹ̀, ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ so owó pọ̀ mọ́ ohùn. Kò sì pẹ́ tí àwọn obìnrin fi di ìdí okùn náà mú.

Ní ọdún 1932, ìròyìn kàn pé ìjọba fẹ́ bu owó lé àwọn obìnrin Èkó. Àwọn obìnrin ọlọ́jà rán ikọ̀ lọ bá ìjọba, a sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ. Òfin ọdún 1940 ní kí obìnrin tí ó bá ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san owó orí. Alimotu Pẹlẹ́wurà, oníṣòwò ẹja ní ọjà Ẹrẹ́kò, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó nígbà náà. Kò mọ ìwé kà, kò sì mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn ṣètò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, àwọn obìnrin ti ọjà pa, wọ́n tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro láti yé ènìyàn: bí obìnrin kò bá lè dìbò, kí ni ìdí tí yóò fi sanwó? Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìjọba sún iye náà sókè láti £50 sí £200. Àwọn obìnrin tí ń rí £200 lọ́dún kò pọ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọlọ́jà bọ́.

Ìṣẹ́gun Èkó kò mú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ti Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá ti bá ìjọba Èkó ṣe àdéhùn ní ọdún 1893 pé a kò ní gba òmìnira wọn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní ìjọba tiwọn, tí owó ibodè ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní ọdún 1914, lẹ́yìn tí sójà yìnbọn pa àwọn ènìyàn ní Ìjemọ̀, Lugard fagi lé àdéhùn náà. Ní ọdún 1918, ó gbé owó orí dé. Láàárín ọdún mẹ́rin péré, àwọn Ẹ̀gbá ti bọ́ láti ipò olómìnira sí ipò ẹni tí a ń ka orí rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, wọ́n dìde. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Ọṣilẹ̀ Òkè-Ọnà. Àwọn sójà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kó lọ bá wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú nínú ogun tí a mọ̀ sí Ogun Àdùbí yìí. Owó orí náà dúró. Ohun tí ìbọn Àdùbí kò lè ṣe ni àwọn obìnrin wá fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún dúró dè.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, owó tí ọkùnrin bá san ni ó dúró fún ilé rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣílè 2 àti sísì ni wọ́n kọ́kọ́ bù lé obìnrin, ṣílè 5 lé ọkùnrin. Ọmọbìnrin a bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ní ọmọ ọdún 15. Ọmọkùnrin ní àfikún ọdún kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ọjọ́ ìbí kò wọ́pọ̀. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin kan bá ní òun kò tíì tó, àwọn tí ń gba owó a máa bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti tó. Kò sí ìyá tí ó lè gbàgbé èyí. Bí a bá ní owó ni ìjà náà dá lé, a ti ṣi ìtàn kà. Ìtìjú ni ó kọ́kọ́ gbóná lọ́kàn wọn.

Ẹ̀bi mìíràn tún wà nínú ètò ìjọba náà. Láyé àtijọ́, Aláké kì í dá ṣe nǹkan láìbi àwọn Ògbóni, àwọn Ológun àti àwọn Pàràkòyí. Àwọn obìnrin sì ní Ìyálóde. Ẹfúnróyè Tinúubú, tí ó jẹ Ìyálóde gbogbo Ẹ̀gbá ní ọdún 1864, kì í ṣe ẹni tí ìlú ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún. Lábẹ́ òyìnbó, Aláké nìkan ṣoṣo ni ìjọba gbé àṣẹ ìbílẹ̀ lé lọ́wọ́. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí ó gorí oyè ní ọdún 1920, wá di ẹni tí ń bu owó, tí ń gba owó, tí ajẹ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà nípá. Ìrẹsì yìí ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì.

Olùkọ́ ni obìnrin yìí. Abẹ́òkúta ni a bí i sí ní ọdún 1900. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ni ó kọ́kọ́ kó jọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé kíkà, àwọn ọlọ́jà ni ó kọ́ wọn ní ohun tí ojú obìnrin ń rí lọ́wọ́ ìjọba. Ní ọdún 1946, ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún onírẹsì, aláró àti elépo. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé. Ìró àti bùbá ni Ransome-Kútì ń wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí òun bí ẹni tí ó wá láti òkè.

Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo. Wọ́n kọ̀wé sí Aláké, wọ́n kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀, wọ́n rán ikọ̀. Ohun tí wọ́n béèrè fún tò lẹ́sẹẹsẹ: kí a mú owó orí kúrò lórí obìnrin, kí a bu owó lé àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tí ń jèrè ní Abẹ́òkúta, kí àṣẹ má wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo mọ́, kí obìnrin wọ inú ìgbìmọ̀. Ẹni tí ó bá ka ẹ̀bẹ̀ mẹ́rin yìí yóò rí i pé ẹyọ kan péré nínú wọn ni ó ń sọ pé kí a má sanwó. Àwọn mẹ́ta yòókù ń sọ bí a ó ti ṣe ṣèjọba.

Nígbà tí a kò dá wọn lóhùn, wọ́n dìde. Ní òpin oṣù Kọkànlá ọdún 1947, ó lé ní 10,000 obìnrin tí ó dó sí iwájú ààfin Aláké láti alẹ́ mọ́júmọ́. Wọ́n tún padà wá ní oṣù Kejìlá. Orin ni ohun ìjà wọn. Nígbà tí ìjọba ní wọn kò gbọdọ̀ wọ́de láìgba ìwé àṣẹ, wọ́n ní àwọn kò wọ́de, fàájì ni àwọn ń lọ ṣe. Wole Soyinka, tí ó jẹ́ ọmọdé ní Aké nígbà náà, tí ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn obìnrin náà, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé Aké tí ó jáde ní ọdún 1981. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1948, a dá owó orí obìnrin dúró. Nígbà tí ó di oṣù Keje, àwọn Ògbóni pàápàá ti kẹ̀yìn sí Aláké. Ó fi Abẹ́òkúta sílẹ̀ lọ sí Òṣogbo, ó sì kéde ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1949 pé òun sọ̀ kalẹ̀ lórí oyè. Obìnrin mẹ́rin wọ inú ìgbìmọ̀ tuntun. Òtítọ́ kò ní ku síbì kan: Adémọ́lá padà sórí oyè ní òpin ọdún 1950, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní ọdún 1962. Ṣùgbọ́n kò padà sínú àṣẹ àdáṣe tí ó fi sílẹ̀.

Ibi tí odò méjèèjì, ti Èkó àti ti Abẹ́òkúta, ti pàdé ni ọdún 1947 kan náà. Ẹgbẹ́ NCNC, tí Macaulay jẹ́ olórí rẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1946, tí Nnamdi Azikiwe sì gbà lẹ́yìn rẹ̀, rán ikọ̀ lọ sí London láti lòdì sí òfin tí Gómìnà Richards ṣe fún Nàìjíríà. Ransome-Kútì nìkan ni obìnrin nínú ikọ̀ náà. Mínísítà tí ó wà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àmúnisìn ní kí wọ́n padà sílé lọ fọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú ìjọba. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ransome-Kútì kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Daily Worker, ó ṣàlàyé pé obìnrin ilẹ̀ òun ní ipò kí òyìnbó tó dé, pé òyìnbó ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ṣílè 2 àti sísì. Ẹni tí ó lọ sí London láti sọ̀rọ̀ nípa òfin orílẹ̀-èdè ni ó padà wá dúró níwájú ààfin ní Aké nítorí owó orí. Kò sì rí i bí iṣẹ́ méjì. Ní ọdún 1950, gbogbo àgbàlagbà Èkó, ọkùnrin àti obìnrin, dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú. Pẹlẹ́wurà, tí ó kú ní ọdún 1951, kò kú kí ó tó rí ọdún tí ẹnu tọ orí lẹ́yìn.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ọ̀nà yìí ti là. Owó orí ilé ni Bai Bureh torí rẹ̀ gbógun ti òyìnbó ní Sàró ní ọdún 1898. Owó tí a bù láìbi ènìyàn ni ó bí ìjà àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1765. Iyọ̀ ni Gandhi torí rẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ dé etí òkun ní ọdún 1930. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòkùnkùn. Àlàyé nípa òmìnira lè má yé ẹni tí kò wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ ìgbà tí a ki ọwọ́ bọ àpò rẹ̀. Owó orí nìkan ni ìjọba àmúnisìn tí ó dé ilé gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, òun ni ó kó gbogbo ènìyàn jọ láti dá a lóhùn.

Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Àsìá yí padà. Owó orí kò lọ. Ní ọdún 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde nínú ìjà tí a ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, èyíinì ni ṣílè 30, ni agbára àwọn ká. Ẹ̀jẹ̀ tún ṣàn. Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1969. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, aṣáájú wọn, sọ̀rọ̀, owó orí náà sì wálẹ̀ sí £2. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí òyìnbó tí a lè di ẹ̀bi rù. Ọmọ ilẹ̀ ni ó bu owó, ọmọ ilẹ̀ ni ó kọ̀ ọ́. Èyí ni ó fi hàn pé òmìnira tí àwọn obìnrin Èkó àti Abẹ́òkúta ń wá kì í ṣe kí ẹni tí ń gba owó jẹ́ aláwọ̀ dúdú nìkan. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí orí tí ń sanwó ní ẹnu níbi tí a ti ń ná an.

Láti ọdún 2003, Ìgándò àti Ìkòtún ti ní ìjọba àdúgbò tí ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì. Oko ti di ilé, ọjà ti gbòòrò, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín agbowó ayé ìsinsìnyí àti akódà ayé Adémọ́lá. Síbẹ̀, bí ìyá ọlọ́jà kan bá gba ìwé owó rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, tí ó sì béèrè ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní aláfojúdi. Ìbéèrè rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀. Àwọn kan kú nítorí rẹ̀ ní ọdún 1918. Àwọn kan sun ìta ààfin nítorí rẹ̀ ní ọdún 1947. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ tí ó kù tí ìjọba gbọ́dọ̀ san.